Ta Ló Ń Pe Àwọn Adití Wọ Òkun?

Òkú náà dúró ni.

Ohun tó kọ́kọ́ já Ìnsípẹ́kítọ̀ Lamjed láyà nìyẹn. Ó ti rí òkú tó léfòó rí, ó ti rí èyí tí ìgbì gbá sétí òkun bí ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n òkú tó dúró ṣánṣán láàárín omi tí kò mu ènìyàn ju àyà lọ, ojú rẹ̀ kò rí irú rẹ̀ rí. Imọ̀ ọ̀pẹ dábínù tí àwọn apẹja erékùṣù Ghdira máa ń rì mọ́lẹ̀ òkun láti fi ṣe ọgbà ẹja ló há a ní èjìká lọ́tùn-ún lósì. Ojú ọmọkùnrin náà là kalẹ̀. Orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ látẹ̀yìn, tó wá dákẹ́ kó lè mọ̀ bóyá wọ́n á tún un pè.

Bẹ́ẹ̀ ọmọ náà, Anouar, kò gbóhùn ẹnikẹ́ni rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Kò sẹ́ni tó gbà láti fọwọ́ kàn án títí ọlọ́pàá fi dé láti ìlú Sfax. Wọ́n ti di ìyá rẹ̀ mú sílé. Apẹja tó fi ọkọ̀ gbé wọn débẹ̀ kò tilẹ̀ jẹ́ kí ọkọ̀ náà sún mọ́ ọgbà ẹja tán. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sì gbójú sápá ibòmíràn.

"Òkun ló pè é," ni apẹja náà wí. "Ẹni tí kò gbóhùn ènìyàn, ohùn mìíràn ló ń gbọ́. Ìkẹta rè é."

"Àwọn méjì tó ṣáájú ńkọ́?" Obìnrin tó jókòó sídìí ọkọ̀ ló béèrè.

Jalila Ghorbel lorúkọ rẹ̀. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, kì í sì í ṣe ọlọ́pàá. Oníṣirò ni, irú èyí tí àwọn oníṣègùn máa ń pè tí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí wọ́n fẹ́ mọ èwo nínú ohun àjogúnbá inú ẹ̀jẹ̀ náà ló ń fa àìsàn wo. Lẹ́yìn ikú kejì ní Ghdira ló ti lọ bá adájọ́ pé ikú erékùṣù náà ti ń jọra jù. Nígbà tí ìkẹta ṣẹlẹ̀, adájọ́ ní kó tẹ̀lé Lamjed lọ. Inú Lamjed ń sọ pé kí ni ìṣirò fẹ́ bá òkú ṣe.

"Ọmọbìnrin kan tó ń lúwẹ̀ẹ́," ni apẹja náà dáhùn. "Àti ọmọkùnrin kan tó fò sómi láti orí ọkọ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Kò jáde mọ́. Àwọn méjèèjì mọ̀wẹ̀ bí ẹja. Adití ni wọ́n."

"Adití nìkan ni òkun yín máa ń pè?"

"Adití nìkan ni, màdáàmù."

"Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́ ẹja?"

"Mabrouk."

"Ṣé Mabrouk ń gbọ́ràn?"

Apẹja náà wò ó tìfuratìfura. "Rárá. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn."

"Ó tó ẹni ọdún mélòó báyìí?"

"Á ti tó àádọ́rin."

"Inú omi ló sì ń jí sí lójoojúmọ́. Kí ló dé tí òkun ò rí òun pè?"

Apẹja náà tutọ́ sómi.

*

Mabrouk yìí kan náà ni àwọn ọlọ́pàá erékùṣù ti mú. Òun ló ni ọgbà ẹja náà, òun ló wà pẹ̀lú Anouar gbẹ̀yìn, àmì ìka sì wà lábẹ́ abíyá méjèèjì òkú náà. Gbogbo abúlé ló mọ̀ pé òun àti ọmọ náà ti ṣe gbólóhùn asọ̀ lórí ẹni tó máa jogún ọgbà ẹja.

Nínú yàrá kékeré tó ń rùn bí òróró ólífì, ìṣòro kan yọjú. Èdè ọwọ́ tí Mabrouk ń sọ kì í ṣe tilé ìwé. Tinú ilé wọn ni. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́ ọ dáadáa, ìyẹn Douja, àbúrò rẹ̀ obìnrin. Douja yìí ni ìyá Anouar.

"Ìyá Anouar," ni Lamjed wí, "ẹ jọ̀ọ́, a ò lè fi yín ṣe ògbufọ̀. Ọmọ yín ló kú. Ẹni tí a fura sí ló jókòó yìí."

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," ni Douja dáhùn. "Ọmọ mi sì ni. Ta ló tún kù tó máa sọ ọ́?"

Ó jókòó. Ojú rẹ̀ gbẹ bí òkúta etí òkun. Ọwọ́ Mabrouk bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ohùn Douja sì ń tẹ̀lé e.

"Ó ní àwọn ń kó ẹja nínú ọgbà. Ẹja ńlá kan fò jáde. Ó ní Anouar bú sẹ́rìn-ín, ó fò tẹ̀lé e. Ó lúwẹ̀ẹ́ díẹ̀." Ọwọ́ ọkùnrin arúgbó náà dúró lójú òfúrufú. "Ó ní ó dúró. Kò jà. Kò na ọwọ́. Ó kàn kú bí àtùpà tí epo tán nínú ẹ̀."

"Àmì abẹ́ abíyá ńkọ́?"

"Ó ní òun fà á, agbára òun ò gbé e. Ó ní..." Douja wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tún bẹ̀rẹ̀. "Ó ní òun fi imọ̀ ọ̀pẹ há ọmọ mi dúró, kí òkun má bàa gbé e lọ mọ́ mi lọ́wọ́, kí òun tó wá ènìyàn."

Jalila, tó ti ń fi gbogbo ara gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, wá tẹ̀ síwájú.

"Ìyá Anouar, ṣé Anouar máa ń dákú?"

Douja wo ilẹ̀.

"Ẹ má bínú. Ṣé ó máa ń dákú?"

"Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá sáré jù. Tí nǹkan bá já a láyà lójijì. Kì í pẹ́ tó fi ń dìde."

"Nígbà tí àwọn oníṣègùn wá gba ẹ̀jẹ̀ yín, tí wọ́n bi yín nípa dídákú, ṣé ẹ sọ fún wọn?"

"Ẹ̀yin náà! Ta ló máa sọ pé ọmọ òun ń dákú? Kí wọ́n ní àlùjọ̀nnú ló wọ̀ ọ́ lára? Mo ní rárá."

"Ṣé ẹ rò pé àwọn ìyá yòókù náà ní rárá?"

"Ìyá wo ni kò ní sọ pé rárá?"

Nígbà tí wọ́n jáde síta, Lamjed bi í bóyá májèlé ló ń rò. Àbí èéfín ẹ́ńjìnnì ọkọ̀?

"Májèlé tó mọ adití yàtọ̀ sí ẹni tó ń gbọ́ràn?" Jalila rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Má dá mi lóhùn. Mú mi lọ sílé olórí abúlé ná."

*

Ilé olórí abúlé náà, Si Ezzeddine, ga ju gbogbo ilé yòókù lọ ní Ghdira. Ó dojú kọ òkun. Àlejò kan ti wà níbẹ̀ ṣáájú wọn: Ọ̀jọ̀gbọ́n Karray, ọ̀gá àwọn oníṣègùn tó gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo erékùṣù náà ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ó wá kí àwọn ọlọ́fọ̀ ni, ó ní. Bó ṣe rí Jalila, ó dìde kánkán, ẹ̀rín rẹ̀ sì pẹ́ kó tó dé ẹnu.

"Àṣé ìwọ lo ń bọ̀, Jalila. Ó ti pẹ́."

"Ó ti pẹ́ lóòótọ́. Láti ìgbà tí mo ti fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ lọ tọ́jú ìyá mi." Ó jókòó. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, iṣẹ́ yẹn ńkọ́? Kí lẹ rí?"

"A ò rí nǹkan kan. A yẹ etí wò, a yẹ dídákú wò, a yẹ bí ọkàn ṣe ń lù wò. Kò sí ohun àjogúnbá kan tó yọrí láàárín àwọn yòókù. A ti kéde rẹ̀."

"Ẹ yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀nà yẹn ló mọ́ jù, òun ló sì yé ènìyàn jù."

"Ètò tí mo fi sílẹ̀ fún yín, tí gbogbo wa jọ fọwọ́ sí kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó wọ apá ẹnikẹ́ni, ó ní kí ẹ yẹ̀ wọ́n wò pọ̀."

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà mú ṣíbí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ṣúgà nínú ife tíì rẹ̀. Lamjed rí i pé kò sí tíì kankan nínú ife náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwé sílẹ̀," ni Si Ezzeddine dá sí i. Àgbàlagbà tó ní irùngbọ̀n funfun ni, ohùn rẹ̀ tutù. "Ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wá. Yosr! Ah, mo gbàgbé pé kò gbọ́." Ó fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọbìnrin kan sáré gun àtẹ̀gùn wá láti ìsàlẹ̀ ilé, ó gbé àwo ife tíì tí wọ́n da álímọ́ńdì sí. Á tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ọmọ-ọmọ Si Ezzeddine ni, adití sì ni. Ó ń mí gùlegùle bó ṣe ń gbé ife fún wọn. Jalila di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń fi ìka tọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, ó ń mi orí pé ó dára, ó dára. Ó dì í mú pẹ́ títí tí ojú fi bẹ̀rẹ̀ sí í ti Lamjed.

"Ọmọ yìí rẹwà o," ni Jalila wí. "Ṣé òun náà máa ń lúwẹ̀ẹ́?"

"Yosr? Ó kórìíra omi," ni Si Ezzeddine dáhùn kíá.

Lamjed yíjú. Ọmọbìnrin náà ti lọ dúró lójú fèrèsé. Àwọn ọmọ abúlé ń ṣeré nínú òkun nísàlẹ̀, ó sì ń wò wọ́n bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń wo ilé oúnjẹ.

*

Adájọ́ ti fún wọn láṣẹ, wọ́n sì fi gbogbo èsì àyẹ̀wò erékùṣù náà ránṣẹ́ sí Jalila láti Sfax. Orúkọ kò sí níbẹ̀, nọ́ńbà nìkan ni. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò jẹ nǹkan kan ju búrẹ́dì àti ata harissa lọ. Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tó pe Lamjed.

"Jókòó, ọmọ mi. Ká ní olè wọ ilé kan. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ló wà. Ọ̀kan rí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò rí ojú. Ìkejì gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Ìkẹta rí fìlà tó kọjá lórí ògiri. Tó o bá pe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí lo máa ṣe?"

"Màá ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ẹ̀rí kankan nínú ẹ̀ ò tó gbé ènìyàn dé kóòtù."

"Ohun tí Karray ṣe gan-an nìyẹn. Ó pe etí nìkan. Ṣùgbọ́n adití pọ̀ níbí, nǹkan tó ń fà á kì í ṣe ẹyọ kan, ariwo àwọn yòókù wá bo ti ẹni tí à ń wá. Ó pe dídákú nìkan. Àwọn ìyá ti parọ́. Ó pe ọkàn nìkan. Ọkàn wọn máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó múra sílẹ̀ fún ìlù tó kàn, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà kéré, dókítà tó ń kánjú á ní kò burú. Àjẹjẹ́ ọwọ́ kan ò gbé igbá dórí. Mo wá pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí yàrá kan."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Ẹnì kan náà ni gbogbo wọn rí."

Ìta mọ́lẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n ó ṣe Lamjed bíi pé ẹnì kan wà nínú yàrá náà tí ojú òun ò rí.

"Tó bá rọrùn tó bẹ́ẹ̀," ó béèrè, "kí ló dé tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń ṣe é?"

"Torí ó léwu. Tí ẹlẹ́rìí mẹ́ta bá jẹ́ ọmọ ìyá tó ń jẹun nínú àwo kan, ẹ̀rí wọn kì í ṣe mẹ́ta. O ní láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀kan ti ń ti ìkejì lẹ́yìn, kó o sì yọ ọ́ kúrò. Ẹbí sì ni gbogbo erékùṣù yìí. Tó ò bá ka ẹbí sí nínú ìṣirò rẹ, imú tí wọ́n jọ jogún á dà bí ọ̀daràn. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń yan ọ̀nà kí a tó rí èsì. Ẹni tó rí èsì tán kó tó yan ọ̀nà, kì í ṣe òtítọ́ ló ń wá, ohun tó wù ú ló ń wá."

"Etí dídi ló wá ń pa wọ́n, àbí?"

"Rárá. Ibẹ̀ ni mo dúró sí jù. Tí ẹlẹ́rìí mẹ́ta bá pariwo pọ̀, wọ́n kàn ń sọ pé ẹnì kan wà níbẹ̀ ni. Wọn ò sọ ohun tó ṣe. Mo wá bi ara mi: ṣé etí ló ń fa ọkàn lulẹ̀, àbí nǹkan kan ló ń gbá àwọn méjèèjì? Mo wo àwọn adití tí wọn ò ní nǹkan yìí nínú ẹ̀jẹ̀, irú èyí tí mo rò pé Mabrouk jẹ́. Ọkàn wọn le koko. Etí ò jẹ̀bi. Nǹkan kan wà tó jẹ́ pé tí ọmọ bá gba ti bàbá nìkan tàbí ti ìyá nìkan, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Tó bá gba ti àwọn méjèèjì, á di adití, ọkàn rẹ̀ ò sì ní ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. Eré sísá, ìjayà, omi tútù, ọ̀kan nínú wọn á kàn kọ ọkàn náà lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ kan."

Lamjed ṣí fìlà rẹ̀ kúrò lórí. "Kò sí apànìyàn nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká lọ tú bàbá arúgbó yẹn sílẹ̀."

"Tú u sílẹ̀. Ṣùgbọ́n má sọ pé kò sí apànìyàn." Jalila pa kọ̀ǹpútà dé. "Nígbà tí mo di ọwọ́ Yosr mú lánàá, kì í ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ ni mò ń wò. Ọmọ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré gun àtẹ̀gùn, ó ń mí bí ajá tó ṣọdẹ dé. Ìlù ọkàn rẹ̀ lọ́rùn ọwọ́ sì ń lọ jẹ́jẹ́, bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ọkàn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Oògùn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, oògùn tí a máa ń fún ẹni tó ní àìsàn yìí gan-an."

"Àìsàn tí wọ́n ní àwọn ò rí."

"O ti gbọ́ mi."

*

Ọ̀jọ̀gbọ́n Karray ti di ẹrù rẹ̀, ó ń dúró de ọkọ̀ ojú omi ìrọ̀lẹ́ nílé Si Ezzeddine. Jalila kò jókòó.

"Hóró oògùn mélòó ni Yosr ń lò lójúmọ́?"

Afẹ́fẹ́ òkun gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń gbọn aṣọ tábìlì.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ fún un. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kẹ́ ẹ dá mi dúró tí mo bá parọ́. Ẹ yẹ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò pọ̀, bí a ṣe jọ sọ. Ẹ rí i. Ẹ wá yẹ ọmọ ilé tí ẹ wọ̀ sí wò, ẹ rí i lára òun náà. Lẹ́yìn náà lẹ tú àwọn ẹlẹ́rìí ká, ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má bàa sọ nǹkan kan."

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà fọwọ́ bojú. "Mi ò parọ́ nọ́ńbà kankan, Jalila. Gbogbo ìṣirò tí mo kéde ló pé."

"Mo mọ̀ pé ó pé. Ìdí nìyẹn tó fi lágbára láti pa ènìyàn."

"Mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀!" Si Ezzeddine dìde, ohùn rẹ̀ tó tutù ti di ohùn mìíràn. "Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún un pé tó bá kéde rẹ̀, ẹnikẹ́ni ní Ghdira ò ní fún un ní ẹ̀jẹ̀ mọ́ láé. Ẹ̀yin ará Sfax, ẹ ò mọ̀! Tí wọ́n bá gbọ́ pé ikú wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, ta ló máa wá fẹ́ ọmọ wa? Mo ní àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tí wọn ò tíì relé ọkọ. Gbogbo ilé níbí ló ní ọmọbìnrin. Mo ń bo gbogbo wa láṣìírí ni!"

"Ẹ fi oògùn bo ti Yosr," ni ohùn kan wí láti ẹnu ọ̀nà. "Kí lẹ fi bo ti Anouar?"

Douja ni. Ó ti bá Mabrouk jáde láti àgọ́ ọlọ́pàá, ó sì tẹ̀lé Lamjed wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Lamjed rò pé yóò ké, àbí yóò fò mọ́ ọkùnrin náà lọ́rùn. Kò ṣe èyíkéyìí. Ó kàn ń wo Si Ezzeddine.

"Ẹ wá sílé mi lánàá," ó ní. "Ẹ di ọwọ́ mi mú. Ẹ ní Ọlọ́run ló ní i, Ọlọ́run ló gbà á."

Àgbàlagbà náà jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń tì lórí mọ́lẹ̀. Lamjed mú ìwé àṣẹ jáde nínú àpò, ṣùgbọ́n Jalila fọwọ́ dá a dúró. Ojú fèrèsé ló kọjú sí. Àwọn ọmọ wà nínú òkun gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn lọ́sàn-án. Àwọn kan ń pariwo, àwọn kan ń ṣeré láìpariwo rárá.

"Mélòó ló jẹ́ adití nínú àwọn yẹn?" ó béèrè.

Ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

"Si Ezzeddine, ẹ dìde. Gbohùngbohùn mọ́sáláṣí wà níkàáwọ́ yín. Ẹ lọ fi ẹnu ara yín sọ ọ́ fún àwọn ìyá wọn. Kí wọ́n wá mú ọmọ wọn kúrò nínú omi. Dókítà máa dé láti Sfax láàárọ̀ ọ̀la, oògùn sì wà. Ṣùgbọ́n ẹ sọ èyí kó yé wọn: kí wọ́n má sáré. Kí wọ́n má já ọmọ kankan láyà. Kí wọ́n má fà á lọ́wọ́ lójijì. Kí wọ́n rìn."

Láìpẹ́, ohùn Si Ezzeddine bú jáde lókè òrùlé, ó ń gbọ̀n, ó ń sọ ohun tó ti mọ̀ láti ọdún tó kọjá. Lójú omi, àwọn ọmọ tó ń gbọ́ràn dúró, wọ́n yíjú sókè. Àwọn yòókù ń bá eré wọn lọ.

Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ojúlé kọ̀ọ̀kan. Wọn kò sáré. Lamjed rí i lára wọn bí eré ṣe ń jà nínú ẹsẹ̀ wọn, bí wọ́n ṣe ń fi eyín di igbe mú. Wọ́n wọ omi tòun ti aṣọ funfun wọn, díẹ̀díẹ̀, wọ́n tò gbọọrọ bí ẹni tó ń sin òkú, omi ń gun wọn dé orúnkún, dé ìdí, dé àyà. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú wọn. Douja, tí kò ní ọmọ kankan nínú omi mọ́, ló ṣáájú wọn.

Ọ̀nà jíjìn ni ọmọkùnrin kan wà, ó dojú bo omi, kò mira.

Lamjed kò mọ ìgbà tí òun náà fi wọ òkun tòun ti bàtà. Douja dé ibẹ̀ ṣáájú gbogbo wọn. Kò fà á. Kò kígbe. Ó na ọwọ́ kan sábẹ́ omi, jẹ́jẹ́, ó gbé e sí àyà ọmọ náà, ó sì dúró.

Ọmọ náà gbé orí sókè, omi ń dà lójú rẹ̀. Ìkòkò amọ̀ kan tí àwọn apẹja fi ń dẹ pàkúté wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wú u jáde nísàlẹ̀ òkun. Ó wo obìnrin náà, ó wo gbogbo àwọn ìyá tó dúró yí i ká nínú omi láìsọ̀rọ̀, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ kan tó ṣófo béèrè pé kí ló dé.

Douja kò gbé ọwọ́ kúrò láyà rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kejì dá a lóhùn.